"Majestic" kì í ṣe Kábíyèsí: bí ẹ ó ṣe lo ọ̀rọ̀ Òyìnbó yìí láìjìn sí kòtò

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní gígùn, mẹ́rin ní fífẹ̀: bí bánà náà ṣe tóbi tó nìyẹn. Mo tẹ́ ẹ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá kí yíǹkì rẹ̀ lè gbẹ, mo sì ń wò ó bí abiyamọ ṣe ń wo ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Adé wà lápá ọ̀tún, ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lápá òsì, lẹ́tà gàdàgbà aláwọ̀ góòlù sì gba gbogbo àárín: WE WELCOME HIS ROYAL MAJESTIC.

Bàbá tó wá gba iṣẹ́ náà ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún gbé e sójú.

"Ọmọ mi, ta ló ń jẹ́ Majestic?"

"Kábíyèsí ni, sà."

"Kábíyèsí ìlú wo ló ń jẹ́ Majestic?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé bàbá ń bá mi dápàárá ni. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Bí ìgbà tí o kọ ọ́ pé 'A kí gíga káàbọ̀' ni. Gíga kí ni? Igi ni àbí ilé?"

Ọjọ́ kejì ni Kábíyèsí ń bọ̀. Iná ti lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ mi ń sín bí ẹni tí ata bọ́ sí nímú. Owó ara mi ni mo fi tún bánà yẹn tẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, n kò sì rí ẹni bá jà, nítorí èmi ni mo jókòó tí mo tẹ "-ic" síbi tí "-y" yẹ kó wà. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá báyìí.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí mo ṣọ́ tó èyí. Ẹni tó bá ń tẹ káàdì ìpè, bánà, álímánákì àti ìwé ètò ìsìnkú ní Ìbàdàn, ojoojúmọ́ ló máa bá a pàdé. Gbogbo ọlọ́jọ́ ìbí ló fẹ́ ẹ, gbogbo ẹgbẹ́ ló fẹ́ ẹ. Ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin MC, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, ẹ̀yin tó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò lórí WhatsApp, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó fẹ́ jókòó ṣe WAEC.

Ẹ kọ́kọ́ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀

"Majesty" ni ọlá ńlá fúnra rẹ̀. Òun ni a fi ń pe ọba. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọba lẹ́yìn rẹ̀, "His Majesty" ni. Bó bá jẹ́ obìnrin, "Her Majesty". Bí ẹ bá dojú kọ ọba tí ẹ ń bá a sọ̀rọ̀, "Your Majesty". Bí ọba méjì bá pé jọ sí àga ọlọ́lá, tí ẹ̀yin MC sì fẹ́ kí wọn pọ̀, "Their Majesties". "Majestic" ní tirẹ̀ kò lè dá rìn. Ó gbọ́dọ̀ rí nǹkan pọ̀n ọ́n, bí ọmọ ọwọ́: "a majestic palace", "a majestic tree". Ó sì lè wà lẹ́yìn nǹkan náà: "The palace looked majestic." Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọ "majestic" tán tí ẹnìkan ṣì lè béèrè pé kí ni, ẹ ti ṣi í lò. Ohun tí bàbá ọ̀gá ilé-ìwé ń bá mi wí nìyẹn.

Nítorí náà, kò sí "Your Majestic". Kò sí "His Royal Majestic". "The majestic of the king" náà kò sí. "The majesty of the king" ni.

Ní ti oyè ọba, ẹ má ṣe dá ara yín lójú. Wọ́n máa ń kọ "His Imperial Majesty" síwájú orúkọ Olúbàdàn. Àwọn ààfin mìíràn ń lo "His Royal Majesty", òmíràn ń lo "His Royal Highness", inú àwọn kan kì í sì í dùn bí ẹ bá gbé ti ẹlòmíràn fún wọn. Èmi kì í rò ó lórí mọ́. Mo máa ń ní kí akọ̀wé ààfin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ fún mi, mo sì máa ń tọ́jú bébà yẹn títí ayẹyẹ á fi kọjá. Ní oṣù tí wọ́n gbé Ọba Rashidi Ladoja gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní Màpó, ìyẹn ní ọjọ́ 26 oṣù September 2025, iṣẹ́ bánà ya wọ ṣọ́ọ̀bù bí òjò. Mẹ́ta nínú ohun tí àwọn oníbàárà kọ wá ló ní "Majestic" níbi tí "Majesty" yẹ kó wà. Mo tún un ṣe láìgba kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá wúlò láti mọ̀, nítorí ó máa ń jẹ́ kí ó rọrùn láti rántí. Láti inú èdè Látìn ni, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "èyí tó tóbi jù". Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti "major" tí àwọn sójà ń jẹ, àti "majority", àti "mayor". Títóbi ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, "Your Grace" àti "Your Highness" ni wọ́n sábà ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀. Láyé Henry Kẹjọ, ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ni "Your Majesty" wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ò jìnnà sí òótọ́ rárá nígbà tí wọ́n kọ ọ́ nínú Sáàmù 93 pé Olúwa fi ọláńlá wọ ara rẹ̀ láṣọ. Ọlá tó ńlá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

Bí ẹ ó ṣe pè é

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ máa ń fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ láti fi ibi tí ohùn ti máa gbé sókè hàn. Àwa tí a ní gángan ò nílò ìlà. "Majestic" ń dún bí "àdúgbò": ìsàlẹ̀, òkè, ìsàlẹ̀. Mà-JẸ́S-tìk. "Majesty" ń dún bí "tábìlì": òkè, kí ó tó já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. MÁ-jẹ̀s-tì. Ẹ lù ú sí àyà yín bí ẹ bá fẹ́. Àdúgbò, majestic. Tábìlì, majesty. MC kan tí mo kọ́ ní èyí sọ fún mi pé òun ò lè pe Kábíyèsí mọ́ kí tábìlì má wá sí òun lọ́kàn. Mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń pè é dáadáa báyìí.

Ìdánwò fìlà

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ iṣẹ́ mi obìnrin ló bi mí ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ò rí iṣẹ́ ṣe: "Ọ̀gá, báwo lèèyàn ṣe ń mọ ohun tó yẹ ká pè ní majestic, sà?" Ó ti wo dikiṣọ́nárì. Dikiṣọ́nárì ní ó lẹ́wà, ó tóbi, ó níyì. Ó ní ọ̀pọ̀ nǹkan ló lẹ́wà, títí kan báàgì tí òun gbé wá síbi iṣẹ́.

Mo ní kó wo nǹkan náà dáadáa. Bó bá jẹ́ ọkùnrin tó dé fìlà ni, ṣé ọwọ́ rẹ̀ á fẹ́ lọ sí fìlà láìsí ẹni tó sọ fún un? Bí ọwọ́ bá fẹ́ lọ, majestic ni. Bí ojú nìkan ló ń dùn tí ọwọ́ ò mira, ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

"Èmi tí mi ò dé fìlà ńkọ́, sà?"

"Orúnkún rẹ á sọ fún ẹ."

Ẹ jẹ́ ká jọ dán an wò nínú ìlú. Ẹ gba Bẹẹrẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn takisí Máíkírà ń fọn fèrè síra wọn, àwọn aláta ń pariwo ọjà, ọmọkùnrin kan gbé omi inú ọ̀rá sórí, ó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ tó ti lọ. Ẹ wá gbójú sókè. Gbọ̀ngàn Màpó jókòó sórí òkè rẹ̀, àwọn òpó ràbàtà iwájú rẹ̀ tò lọ bí àgbààgbà tó ń dúró kí àwọn ọmọdé pariwo tán. Láti ọdún 1929 tí wọ́n ti ṣí i ló ti ń wo wá bẹ́ẹ̀. Kò tàn yanran. Kò bá ẹnikẹ́ni díje. Bó ti wù kí ìsàlẹ̀ rú tó, orí òkè yẹn dákẹ́. Ọwọ́ mi máa ń dé ìdajì ọ̀nà sí fìlà kí n tó rántí pé ilé ni. "Mapo Hall stands majestically on its hill": bí ẹ bá kọ èyí, kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀pá tọ́ka sí i.

Ẹ wá sí Dùgbẹ̀. Ilé Kòkó ní àjà 26, owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1965. Mo ti jiyàn lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Èmi ò ní pè é ní majestic. "Imposing" ni mo ń pè é, tàbí "towering". Ó ga, ó kún ojú, kò sí bí ẹ ṣe máa kọjá kí ẹ má rí i. Ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ sí wa, ó ń ní "ẹ wò mí". Màpó kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní majestic, Òyìnbó ò ní lé yín jáde nínú ìdánwò. Èrò tèmi ni mo sọ.

Láyípo ńkọ́? Ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sí Òkè Àrẹ ní ọdún 1936 láti fi rántí Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí bí ìkarahun ìgbín, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, mo sì ti mú àwọn ọmọ mi gùn ún. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Fìlà ò mira. Ẹ wá gun òkè rẹ̀ dé orí, kí ẹ yí ojú ká: òrùlé páànù tó ti dípẹtà, pupa rẹ́súrẹ́sú, òrùlé lórí òrùlé títí tó fi kan ibi tí òkè àti ojú ọ̀run ti pàdé, kò sì sí ariwo kankan tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìyẹn ni majestic. "The tower is slender, but the view from the top is majestic." Ọmọ iṣẹ́ mi kọ gbólóhùn yìí fúnra rẹ̀, mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún un lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé títóbi nìkan ò tó. Nǹkan náà gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja jẹ́ majestic: ó fẹ̀, ó ń lọ, kò sì kánjú. Ògùnpa tiwa kékeré ni lọ́jọ́ tó bá wà ní pẹ̀lẹ́, ìdọ̀tí ló sì máa ń kún inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù August 1980, ó tóbi. Gbogbo ẹni tó wà láyé nígbà náà ló mọ ìkún-omi Omíyalé, wọ́n mọ iye òkú tí a sin. Kò sí ẹni tó rí omi yẹn tó máa pè é ní majestic. "Terrible" ni, "furious" ni. Nǹkan ńlá tó ń bínú ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn nù.

Bó ṣe rí fún ẹranko náà nìyẹn. Erin majestic, kìnnìún majestic, ọ̀kẹ́rẹ́ ò lè jẹ́ ẹ láéláé bó ti wù kí ìrù rẹ̀ lẹ́wà tó. Àwọn baba wa ní "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin." Bí ẹ bá lè sọ pé ẹ rí nǹkan fìrí, ẹ má wulẹ̀ wá "majestic" lọ síbẹ̀. Orin náà lè jẹ́ ẹ: orin ìyìn tí dùùrù ńlá gbé, tí gbogbo ìjọ dìde sí. Fújì tó ń mú wa jó títí di ìdájí, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju orin ìyìn lọ, ẹ má sọ fún pásítọ̀ mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Oúnjẹ kò lè jẹ́ ẹ. Ìyá alámàlà kan ní kí n kọ "Majestic Amala" sára pátákó òun. Mo kọ ọ́ láìjanpata, nítorí orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni, orúkọ sì lè jẹ́ ohunkóhun tó bá wu ẹni tó ni í. Ìgbà tí ó wá ní kí n kọ "Come and eat our majestic gbegiri" sísàlẹ̀ ni mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká kọ 'delicious'." Ó ní òun ò fẹ́ ohun tí gbogbo ayé ń kọ. A fẹnu kò sí "rich". Gbẹ̀gìrì rẹ̀ náà ki lóòótọ́.

Àwọn aládùúgbò ọ̀rọ̀ náà, àti èyí tó lè ba ilé yín jẹ́

Nígbà púpọ̀ tí oníbàárà bá ní òun fẹ́ "majestic", nǹkan mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. Mo máa ń ní kó fi Yorùbá sọ ọ́ fún mi ná.

Bó bá ní, "Mo fẹ́ sọ pé ìyàwó náà dà bí olorì nínú sányán tó wọ̀," mo máa ń fún un ní "regal". "She looked regal in her sányán." Ẹni tó múra bí ọba tó sì ń hùwà bí ọba ni ọ̀rọ̀ yẹn wà fún, kò pọn dandan kó tóbi.

Bó bá jẹ́ ìwé ètò ìsìnkú ìyá àgbà ni, tí àwọn ọmọ ń sọ pé màmá kì í sáré, màmá kì í pariwo, bí màmá bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn èèyàn á yà fún un, ẹ lo "stately". Ìrìn ẹ̀sọ̀ tó níyì nínú ni. "Mama's stately walk" dára ju "Mama's majestic walk" lọ; ìkejì ò burú, ṣùgbọ́n ó ń gbé màmá lọ sí ààfin nígbà tí ilé rẹ̀ wà ní Yemẹtu.

"August" wá. Ẹ̀yin MC ti ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún wa. "Our august visitors, our august occasion, our august chairman." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tàbí àpéjọ tí iyì àti ipò rẹ̀ pọ̀ tó fi yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìjòyè lè jẹ́ "an august assembly". Ọjọ́ orúkọ ọmọ tí ẹni ogún jókòó sábẹ́ kánópì kan kò lè jẹ́ ẹ. Ní ti pípè, oṣù kẹjọ ń dún bí "táyà", òkè kí ó tó wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyì ń dún bí "ìlú", ìsàlẹ̀ kí ó tó gòkè. Ẹbí kan náà sì ni wọ́n. Augustus, olú-ọba Róòmù, orúkọ oyè rẹ̀ túmọ̀ sí ẹni ọ̀wọ̀, òun sì ni wọ́n fi sọ oṣù náà lórúkọ ní ọdún 8 kí a tó bí Jésù. Nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àfi bó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Mo ti rí káàdì tó kọ "our August Visitors" fún ayẹyẹ oṣù February. Àlejò oṣù kẹjọ dé ní oṣù kejì.

Èyí tó léwu jù ni "pompous". Bàbá ìyàwó kan gbé bébà wá, ó kọ ọ́ pé "You are cordially invited to the pompous wedding of our children". Ẹ̀gbọ́n mi ni lóòótọ́, ọdún mẹ́fà ló fi jù mí, mo sì rọra sọ ọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín sí agbéraga ni?"

"Agbéraga báwo? Ṣebí ẹ máa ń sọ 'pomp and pageantry'?"

Ẹ wò ó, "pomp" dára. Ìlù, ẹṣin, ìbọn tí wọ́n ń yìn sókè, aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta, "pomp" nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹ bá ti so "-ous" mọ́ ọn, ó ti di èébú. Ẹni tó "pompous" ni ẹni tó ń wú bí búrẹ́dì, tó ń fi ọ̀rọ̀ ńlá bo orí òfìfo. Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, kọ 'grand'." Mo kọ "grand". Bí ẹ bá wà lórí ìdúró tí ọ̀rọ̀ ò wá sí yín lẹ́nu, "grand" ò tíì já mi kulẹ̀ rí. "Grandiose" ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ "pompous" ló ń gbé, ẹ sá fún un. "Magnificent" bá gbogbo nǹkan lọ, aṣọ, oúnjẹ, ilé, iṣẹ́ ọwọ́. Ẹwà àti ọrọ̀ ló ń tẹnu mọ́, kò béèrè ìfarabalẹ̀.

Àwọn ohun kéékèèké tó kù. Bí ẹ bá fẹ́ sọ bí ẹnìkan ṣe ṣe nǹkan, "majestically" ni, pẹ̀lú "-ally": "The Oba rose majestically." "Majesticly" kò sí. "Majestical" wà láyé àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀. "More majestic, the most majestic" ni ẹ ó fi ṣe àfiwé, kò sí "majesticer". Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ó wà lórí bánà kan. Oníbàárà kan lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú káàdì kan ṣoṣo, títí dórí àwọn ọmọ kéékèèké tó máa mú òrùka wá. Mo yọ mẹ́ta, kò tiẹ̀ mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé fọ́tò ara rẹ̀ sórí WhatsApp, ó wọ agbádá funfun, ó kọ "Majestic me" sábẹ́ rẹ̀. Mo pè é, mo ní kó yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí oríkì: ẹlòmíràn ló ń fi í kí ẹni, kí orí wá wú. Bí ó bá jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló kọ "My majestic husband", inú gbogbo wa á dùn, àá kọ "àmín" sí i. Ó ní ìyàwó òun ò mọ̀ ọ́n kọ. Mo ní kó kọ́ ọ ní "àdúgbò".

Ní ti iṣẹ́ tèmi, n kì í gbé "majestic" sórí ẹ̀rọ mọ́ láì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi kà á sókè ketekete. Ó máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ka gbogbo rẹ̀ bí alága ìdúró, bó bá dé orí ọ̀rọ̀ náà á dánu dúró, á bi mí pé, "Majestic kí ni, sà?" Bí n kò bá rí nǹkan tọ́ka sí láàárín ìṣẹ́jú kan, a ti mọ̀ pé "-y" ló sọnù.

Bánà àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà. Flex tí a fi ṣe é kì í jẹrà, owó mi sì wà nínú rẹ̀, n kò lè jù ú nù. Òun ni a fi ń bo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù nígbà òjò. Bí a ṣe ká a, "WE WELCOME" wà nísàlẹ̀, adé ti ya, "HIS ROYAL" ti bọ́ sẹ́yìn ògiri. MAJESTIC nìkan ló kọjú síta, aláwọ̀ góòlù, gàdàgbà, lórí jẹnẹrétọ̀ tó ṣì ń sín.